MGB GT 1971: ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, kò sítáàtì. Níbo ni iná plọ́ọ̀gì wọlẹ̀ sí?

Adé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. MGB GT ọdún 1971 ló wà nílẹ̀ yìí: ẹ́ńjìnnì 1798cc, kábúrétọ̀ SU méjì, dísíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) Lucas 25D4, nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n so mọ́ ara irin, bátìrì 6V méjì sì wà lẹ́yìn ìjókòó. Ọkọ̀ náà ti pẹ́ nínú gáréèjì. Ẹni tó tà á ní òun ti pààrọ̀ pọ́íǹtì, kọ̀ńdẹ́ńsà àti kọ́ìlì, àti pé láti ìgbà náà ni kò ti dáhùn mọ́.

Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkì-sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì gírígírí. Pọ́ǹpù epo ń dún, ó sì ń dákẹ́ bó ṣe yẹ. Plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tutù fún epo. Ẹnì kan ní kí n tún kọ́ìlì rà, ẹlòmíì ní kí n ra odindi dísíríbútọ̀. Mi ò fẹ́ máa fi owó méfò. Mo ní mítà, tẹ́sítà onígílóòbù àti fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo). Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Rewáyà_Mushin

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ń yí, epo dé, plọ́ọ̀gì tutù. Iná ló kù.

Pọ́íǹtì, tó wà nínú dísíríbútọ̀, ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kí ẹnu ẹ̀ pàdé, kó tún là. Bó bá pàdé, iná bátìrì á gba inú kọ́ìlì kọjá lọ sára irin, kọ́ìlì á sì máa kó agbára jọ. Bó bá là, ọ̀nà já lójijì, agbára tó ti kó jọ á fò gba wáyà ńlá àárín kọ́ìlì jáde lọ sí plọ́ọ̀gì. Kọ̀ńdẹ́ńsà ló ń jẹ́ kí jíjá yẹn mú ṣáṣá, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná máa jó ẹnu pọ́íǹtì. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju pé: ṣé iná dé kọ́ìlì, ṣé pọ́íǹtì sì ń pàdé tó ń là lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé iná ò sí. Ẹ fa wáyà ńlá tó ti kọ́ìlì wá yọ láàárín kápù (ìdérí) dísíríbútọ̀. Ẹ fi pláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ dáadáa mú un, kí ẹnu ẹ̀ jìnnà sí irin ẹ́ńjìnnì tó bíi 6mm, kí ẹlòmíì wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná búlúù bá ń fò tó ń dún pá-pá, kọ́ìlì àti pọ́íǹtì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo rótọ̀ (apá tó ń yí lábẹ́ kápù, tó ń gbé iná fún wáyà plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan), kápù àti wáyà plọ́ọ̀gì. Bó bá pupa, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fura sí kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹnu pọ́íǹtì tó dọ̀tí, tàbí kọ́ìlì fúnra ẹ̀. Bí kò bá sí rárá, mítà ló kàn.

Ẹ fi ìka dúdú mítà sára irin ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìkíkì. Ẹ wọ̀n ojú méjèèjì kọ́ìlì, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹnu pọ́íǹtì là, lẹ́ẹ̀kan nígbà tó pàdé. Lórí mọ́tò tó dá ṣáká, bó bá là, pọ́sítíìfù kọ́ìlì á jẹ́ 12V, nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀ náà á jẹ́ 12V. Bó bá pàdé, pọ́sítíìfù á wálẹ̀ díẹ̀, bóyá 11.5V, nẹ́gẹ́tíìfù á já sí òdo tàbí 0.2V.

Bí pọ́sítíìfù bá jẹ́ òdo, iná kò dé kọ́ìlì rárá. Wáyà funfun láti ibi kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé e wá, lórí ọkọ̀ ìgbà yẹn ó sì ń gba inú rẹ́fù-káńtà (géèjì tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí) kọjá kó tó dé kọ́ìlì. Rẹ́fù-káńtà tó jó nínú lè pa ẹ́ńjìnnì, ibi tí ọ̀pọ̀ rewáyà kì í wò nìyẹn. Ẹ wo ojú ẹ̀: bí ẹ bá rí RVI níbẹ̀, irú èyí ni. Láti dán an wò, ẹ fa wáyà kan láti ojú wáyà búráùn níbi fíúsì, ẹ so ó tààrà mọ́ pọ́sítíìfù kọ́ìlì. Bó bá sítáàtì, ẹ̀bi wà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì. Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ ò ní pa á mọ́, wáyà yẹn lẹ máa fà yọ.

Bí nẹ́gẹ́tíìfù bá dúró lórí 12V, yálà ó là tàbí ó pàdé, ọ̀nà àtilọ sára irin ló já: ẹnu pọ́íǹtì dọ̀tí, wáyà kékeré inú dísíríbútọ̀ já, tàbí okùn ẹ́ẹ̀tì tó so àwo pọ́íǹtì mọ́ ara dísíríbútọ̀ ti gé sínú awọ ẹ̀. Bó bá dúró lórí òdo, yálà ó là tàbí ó pàdé, ẹ fa wáyà funfun onílà dúdú yọ kúrò lójú nẹ́gẹ́tíìfù kọ́ìlì, kí ẹ sì tún ojú yẹn wọ̀n. Bó bá gòkè sí 12V, kọ́ìlì ò já, dísíríbútọ̀ ló ń kan irin. Bó bá ṣì wà lórí òdo, wáyà inú kọ́ìlì ti já, ẹ lè wá ra kọ́ìlì.

Bàbá_Spánà

Adé, kó o tó ṣe gbogbo èyí, fi jíà sí níútírà, kó o fa hánbíréèkì. Má dán iná wò nígbà tí ihò plọ́ọ̀gì wà ní ṣíṣí. Epo tó kún inú sílíńdà yẹn á tú èéfín jáde, iná kékeré tó sì ká a mọ́ níbẹ̀ kì í ṣe eré.

Ìkejì, má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí pọ́íǹtì pàdé. Kọ́ìlì á máa gbóná láìṣiṣẹ́. Wọ̀n ọ́n, pa á.

Wo bátìrì náà nígbà tí kíkì-sítátà ń yí, má wò ó nígbà tó wà jẹ́ẹ́. Bó bá wálẹ̀ ju 9.5V lọ, iná plọ́ọ̀gì á kú bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń yí. Bátìrì méjì yẹn wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi òjò ń ta dé. Fọ ojú wáyà tó so wọ́n pọ̀ àti ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù ti wọ ara irin.

Ẹ̀yin ará UK, láti September 2021 ni E10 (epo tí wọ́n fi ẹtánọ́ọ̀lù lú dé 10%) ti di epo gbogboògbò lọ́dọ̀ yín. Èyí tó ti pẹ́ nínú táǹkì ọkọ̀ tó dúró kò wúlò. Fa á jáde, ra E5, tí ẹtánọ́ọ̀lù tiẹ̀ kéré.

Adé_Peckham

Ẹ ṣé gan-an. Iná kò fò rárá láti wáyà ńlá kọ́ìlì. Bátìrì 12.4V nígbà tó wà jẹ́ẹ́, 10.1V nígbà tó ń yí. Èyí ni ohun tí mítà sọ:

Pọ́íǹtì là: pọ́sítíìfù 10.6V, nẹ́gẹ́tíìfù 0.0V.
Pọ́íǹtì pàdé: pọ́sítíìfù 10.6V, nẹ́gẹ́tíìfù 0.0V.
Mo fa wáyà funfun onílà dúdú yọ: pọ́sítíìfù 12.3V, nẹ́gẹ́tíìfù 12.3V.

Rewáyà_Mushin

Ó ti hàn. Kọ́ìlì ò já, iná dé ibẹ̀, rẹ́fù-káńtà ò ní ẹ̀bi. Nǹkan kan nínú dísíríbútọ̀ ń kan irin nígbà gbogbo, nítorí náà fún kọ́ìlì, pọ́íǹtì ò là rí. Nǹkan mẹ́ta ló lè fà á: kọ̀ńdẹ́ńsà tó ti kú sórí irin, wáyà kékeré tí awọ ẹ̀ ti bó níbi tó gba ara dísíríbútọ̀ wọlé, tàbí àwọn wọ́sà pọ́íǹtì tí wọn ò tò bó ṣe yẹ. Bí pọ́íǹtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí mọ́tò wá kọ̀, ti wọ́sà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Kókó kejì. 10.6V yẹn kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ̀lú kọ́ìlì tó tọ́ fún ọkọ̀ yìí, kò yẹ kó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀n kọ́ìlì náà fún wa nígbà tí ẹ bá ráyè: ẹ fa wáyà méjèèjì yọ, ẹ fi mítà sórí óòmù, ẹ fi ìka ẹ̀ kan sí pọ́sítíìfù, ìkejì sí nẹ́gẹ́tíìfù.

ÌyáMẹ́káníìkì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́sà ṣe ń tò lórí 25D4 bó bá jẹ́ pọ́íǹtì onípá méjì, torí ibẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ọ̀pá kékeré kan wà lórí àwo tí spíríǹgì pọ́íǹtì ń wọ̀ sí. Ọ̀pá náà kan irin. Spíríǹgì, wáyà kọ̀ńdẹ́ńsà àti wáyà tó lọ sí kọ́ìlì gbọ́dọ̀ kan ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ kan ọ̀pá yẹn tàbí nọ́ọ̀tì orí ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀: wọ́sà oníbébà ló kọ́kọ́ wọ ọ̀pá, ojú spíríǹgì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ẹ mú bọ́ṣì oníke tó ní ètí bíi fìlà, ẹ ti ojú wáyà méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ọrùn bọ́ṣì náà sì gba inú ojú spíríǹgì kọjá sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì ló kẹ́yìn, orí ike nìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó lé. Bí ẹnì kan bá fi wáyà sórí ike, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, òdo tí mítà yín ń kà yẹn ló máa fún yín. Wọ́sà mìíràn tún wà ní ẹsẹ̀ pọ́íǹtì tó ń rìn, lórí òpó tó ń yí lé. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn náà ti kan irin.

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ mọ́, wáyà kọ́ìlì ṣì wà ní yíyọ, ẹ ki bébà líle sáàárín ẹnu pọ́íǹtì kó má pàdé. Ẹ fi mítà sórí óòmù, ìka kan sórí spíríǹgì, ìkejì sára dísíríbútọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà rárá. Bó bá ṣì ń kà, ẹ tú wáyà kọ̀ńdẹ́ńsà kúrò. Bí ọ̀nà bá pa nígbà náà, kọ̀ńdẹ́ńsà ló kú. Ẹ yọ bébà náà: ó yẹ kó kà tó òdo. Bí kò bá tó o, ẹ fi aṣọ tó ní mẹ́tílétẹ́ẹ̀dì spírítì nu ẹnu pọ́íǹtì, torí pọ́íǹtì tuntun máa ń ní òróró tí wọ́n fi pa á lára kó má dípẹtà.

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ìlà ẹnu ẹ̀ (àlàfo tó wà níbẹ̀ bó bá là) jẹ́ 0.35 sí 0.40mm, ìyẹn 0.014 sí 0.016 ínǹṣì, níbi tí gìgísẹ̀ pọ́íǹtì wà lórí ibi tó ga jù lára kámù (apá ọ̀pá dísíríbútọ̀ tó ń la pọ́íǹtì). Ẹ fi gíríìsì díẹ̀, tó kéré ju ẹ̀wà kan lọ, pa kámù náà. Bó bá pọ̀, á ta sí ẹnu pọ́íǹtì.

Kọ́ìlì12V

Ẹ dákun, kí la tún ń fi pọ́íǹtì ṣe lóde òní? Àwọn èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì dípò pọ́íǹtì wà, wọ́n kéré, wọ́n ń wọ inú 25D4, wáyà méjì péré ni. Kò ní wọ́sà, kò ní fílà géèjì, kò ní jẹ.

Bàbá_Spánà

Ó dára tirẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò ò bá tíì ṣiṣẹ́, fífi nǹkan tuntun sí i á kàn fi ẹ̀bi kejì pamọ́ sábẹ́ àkọ́kọ́ ni. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú pọ́íǹtì ná. Àwọn èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì náà ní irú kọ́ìlì tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó so ó mọ́ kọ́ìlì tí agbára ìdènà ẹ̀ kéré jù á jó o. Òmíràn sì ń kú bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí tí ẹ́ńjìnnì ò yí. Bó bá sì kú lójú títì, kò sí bébà tó o máa fi nù ún. Ẹni tó bá fi í sí, kó tọ́jú àwo pọ́íǹtì àtijọ́ odindi sínú búùtù.

Kọ́ìlì12V

Mo gbà pé ká yanjú èyí ná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, ẹ ò lè jiyàn ẹ̀: ọ̀pọ̀ ò lálòpẹ́. Tí àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tó sì ń ṣiṣẹ́, òun ni kí ẹ fi sí i.

Adé_Peckham

Ó jẹ́ ohun tí Ìyá sọ gẹ́lẹ́. Ojú wáyà méjèèjì wà lórí ike, nọ́ọ̀tì ló tẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀pá. Mo tò ó bí ẹ ṣe wí, ẹnu ẹ̀ sì wà ní 0.38mm. Nísinsìnyí nẹ́gẹ́tíìfù kọ́ìlì ń lọ láti 12V sí 0.1V, iná búlúù sì ń fò láti wáyà ńlá.

Mo gbẹ plọ́ọ̀gì, mo dá gbogbo ẹ̀ padà. Kò sítáàtì síbẹ̀. Ó ń wúkọ́, ó ń yìnbọn gba kábúrétọ̀, iná tilẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀kan. Mo pa á kíá.

ÌyáMẹ́káníìkì

Ìyẹn dáa, iná ti dé inú sílíńdà. Àsìkò tó ń dé ni kò tọ́. Ẹ fi asẹ́ afẹ́fẹ́ bo ẹnu kábúrétọ̀ kí ẹ tó tún un yí, kí ẹ sì gbé ohun tí ń paná sítòsí.

Sílíńdà 1 ni èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2. Lórí MGB, rótọ̀ ń yí sí òdì kejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, bí ẹ bá wò ó láti òkè. Ẹ ṣí kápù, kí ẹlòmíì kíkì ẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí ibi tó ń yí sí.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí sílíńdà 1 ti ń dáná. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi spánà yí nọ́ọ̀tì púlì iwájú sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà, kí ẹ fi ìka dí ihò plọ́ọ̀gì 1. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìka yín, pístìnnì ń gòkè láti dáná. Ẹ máa yí i lọ títí àmì ara púlì fi dé ibi atọ́ka tó wà lára ìdérí ṣéènì táímìǹgì. Lórí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọn, atọ́ka náà wà nísàlẹ̀, ẹ máa nílò tọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé pístìnnì 1 àti 4 jọ ń gòkè ni. Àmì púlì nìkan ò lè sọ èwo nínú wọn ló fẹ́ dáná. Bí ẹ ò bá fọkàn tán ìka yín, ẹ ṣí ìdérí fáàfù: nígbà tí fáàfù méjèèjì sílíńdà 4 bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, tí ọ̀kan ń pa tí èkejì ń ṣí, sílíńdà 1 ló fẹ́ dáná. Ibi tí rótọ̀ kọjú sí nígbà náà ni wáyà plọ́ọ̀gì 1 gbọ́dọ̀ wà nínú kápù. Láti ibẹ̀, ẹ yí sí òdì ọwọ́ aago: 3, 4, 2.

Oníbíítù_Ìbàdàn

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Ìyá sọ nípa ibi tí rótọ̀ ń yí sí. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lórí Bíítù (Volkswagen), rótọ̀ tiwa ń yí bí ọwọ́ aago ni, 1, 4, 3, 2. Ẹni tó bá gbé àṣà yẹn lọ sórí MGB á pààrọ̀ wáyà méjì síra wọn láìmọ̀. Wíwúkọ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn jọ ọ́ gan-an. Bó bá jẹ́ pé wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣáko ní ìdajì àyíká, ìbọn lásán lẹ máa gbọ́, kò ní dà bíi pé ó fẹ́ dáhùn.

Ẹ tún yẹ rótọ̀ wò nígbà tí kápù wà ní ṣíṣí. Àwọn rótọ̀ kan tí wọ́n ń tà báyìí ní ríbẹ́ẹ̀tì tó gùn láàárín, ike abẹ́ ẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Iná ń gba ibẹ̀ jò sínú ọ̀pá dísíríbútọ̀. Ẹ fi pláyà mú wáyà ńlá kọ́ìlì, kó jìnnà sí irin àárín rótọ̀ ní bíi 3mm, kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, pọ́íǹtì pàdé. Ẹ fi sikirudẹ́ráfà onígi la ẹnu pọ́íǹtì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá ń fò sórí rótọ̀ nígbà gbogbo, ó ti jò, ẹ sọ ọ́ nù. Bó bá fò díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó wá dákẹ́, kò sí wàhálà.

Nínú kápù, kábọ́ọ̀nù àárín gbọ́dọ̀ máa wọlé kó máa jáde lórí spíríǹgì ẹ̀. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú wáyà kan sí ìkejì, iná ti la ọ̀nà gba ibẹ̀, fífọ ò ràn án. Bó bá sì jẹ́ irú kápù tí wáyà ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé tí sikúrù ń gún un nínú, wáyà oníkọ́pà ló fẹ́. Bí ẹ bá gún wáyà oníkábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, kò ní mú.

Adé_Peckham

Wáyà 3 àti 2 ni wọ́n pààrọ̀ síra wọn nínú kápù. Rótọ̀ kò jò. Ó ti sítáàtì! Ó dún dáadáa, kò wúkọ́ mọ́. Lẹ́yìn tó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jánu, ó sì kú. Kò dáhùn mọ́ àfi ìgbà tó tutù. Kọ́ìlì gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e. Mo wọ̀n ọ́n bí Rewáyà ṣe wí: 1.5Ω.

Rewáyà_Mushin

Ohun tó fa 10.6V yẹn nìyẹn. Kọ́ìlì yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí.

Kọ́ìlì tó tọ́ fún MGB ìgbà yẹn máa ń kà 3.1 sí 3.5Ω. Láti ìparí 1974, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ńpà dúdú oníróbà sí i, wọ́n gbé kọ́ìlì oní-1.5Ω wọlé, wọ́n sì fi wáyà tó ní ìdènà tirẹ̀ sínú okùn wáyà ọkọ̀ láti dín iná kù kó tó dé ibẹ̀. Nígbà tí kíkì-sítátà bá ń yí nìkan ni iná bátìrì ń kọjá tààrà láìgba ìdènà yẹn. Ọkọ̀ yín ò ní wáyà ìdènà náà. Ẹ ṣírò ẹ̀: 12V lórí 3.2Ω jẹ́ bíi 3.75A. Lórí 1.5Ω, 8A. Pọ́íǹtì ò lè gbé 8A fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ẹ̀ á jó dúdú. Kọ́ìlì á gbóná títí awọ wáyà inú ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ ra kọ́ìlì 12V tí kò fẹ́ ìdènà níta. Ẹ gbé mítà lọ sí ilé ìtajà, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í fi gbogbo ìgbà bá ohun tó wà nínú ẹ̀ mu. Wáyà funfun sí pọ́sítíìfù, funfun onílà dúdú sí nẹ́gẹ́tíìfù. Bí ẹ bá yí i padà, ó ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná plọ́ọ̀gì á gba òdì jáde, á sì fẹ́ agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti fò.

Kọ́ìlì12V

Ṣé kò lè ra ìdènà 1.5Ω kó so ó mọ́ kọ́ìlì tó wà níbẹ̀?

Rewáyà_Mushin

Ó ṣeé ṣe. Ìdènà náà á gbóná, ó gbọ́dọ̀ wà lórí irin, jìnnà sí wáyà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí wáyà tó ń fo ìdènà náà nígbà tí kíkì-sítátà ń yí, iná á kéré láàárọ̀ òtútù. Kọ́ìlì tó tọ́ ò wọ́n tó wàhálà yẹn.

Adé_Peckham

Kọ́ìlì tuntun kà 3.2Ω. Pọ́sítíìfù ń jẹ́ 11.6V nígbà tí pọ́íǹtì pàdé. Ó ti ṣiṣẹ́ títí gbóná, kò jánu, kọ́ìlì ń gbóná níwọ̀nba. Kí ni kí n ṣe nípa táímìǹgì (àsìkò tí iná ń dé sílíńdà)? Etí ni mo fi gbọ́ ọ.

ÌyáMẹ́káníìkì

Ẹ má fi etí ṣe é. Ẹnu pọ́íǹtì ló kọ́kọ́ ń tò, táímìǹgì ló tẹ̀ lé e, torí bí ẹnu pọ́íǹtì bá gbòòrò sí i, táímìǹgì á yá sí i, bó bá sì dín, táímìǹgì á fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí mítà tó ń ka dúwẹ́ẹ̀lì (bí pọ́íǹtì ṣe ń pẹ́ tó ní pípàdé) yá, 60° ni 25D4 ń fẹ́, kó má ju 3° lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó sàn ju fílà géèjì lọ nígbà tí ẹnu pọ́íǹtì bá ti lò díẹ̀, torí ojú ẹ̀ kì í tẹ́jú mọ́.

Fún ìtò láìsítáàtì, ẹ yí púlì dé 10° ṣáájú òkè pátápátá lórí sílíńdà 1 (ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín nínú ìwé ọkọ̀, àwọn kan yàtọ̀). Ẹ so tẹ́sítà onígílóòbù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù kọ́ìlì àti ara irin, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú bóòtì tó di dísíríbútọ̀ mú díẹ̀, ẹ yí i sí òdì ọwọ́ aago títí gílóòbù á fi kú, kí ẹ wá rọra yí i padà sí ọ̀nà ọwọ́ aago. Ibi tí gílóòbù ti tàn ni pọ́íǹtì ti là, ibẹ̀ ni kí ẹ dì í. Nọ́ọ̀tì kékeré oníwọ́nranwọ̀nran tó wà lára 25D4, tó ní A (yíyá) àti R (fífà sẹ́yìn), ni ẹ máa fi tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ní iná táímìǹgì, ẹ yọ páìpù fákíùmù kúrò kí ẹ sì dí i kí ẹ tó wò ó.

Bàbá_Spánà

Plọ́ọ̀gì tó bá ti tutù fún epo léraléra bẹ́ẹ̀, pààrọ̀ ẹ̀. NGK BP6ES, ìlà ẹnu 0.64mm. Má lo ṣóòkù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Adé_Peckham

Dúwẹ́ẹ̀lì 58°, táímìǹgì 10° láìsítáàtì, plọ́ọ̀gì tuntun wọlé. Ìgbà wo ni kí n tún ṣí i wò?

Rewáyà_Mushin

Lẹ́yìn 500 máìlì àkọ́kọ́. Gìgísẹ̀ pọ́íǹtì tuntun máa ń jẹ kíá lórí kámù kó tó jókòó, ẹnu ẹ̀ á dín, táímìǹgì á sì fà sẹ́yìn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, 3,000 máìlì síra wọn tó. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ wo ẹnu pọ́íǹtì náà: bí òkè kékeré bá hù sára ojú kan tí ihò sì wà lára ìkejì, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí ẹ fura sí. Bó bá jó di búlúù, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ti pọ̀ jù, ẹ tún kọ́ìlì wọ̀n.